Okùn Dúdú Ọrùn Ìgò

Òórùn ewé wáákye ni ó máa ń jí wa nínú àgbàlá tí a ń gbé ní àdúgbò Madina nígbà náà. Obìnrin kan tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ń se ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní wáákye, tà fún àwọn tó ń sáré wọ ọkọ̀ trótró lọ sí ìgboro. Kí a tó kí ìrun àsùbáà tán, ó ti da ewé ọkà bàbà gbígbẹ sínú ìkòkò, omi náà á máa hó, á máa pọ́n sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú. Òórùn rẹ̀ jọ ti koríko gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ bá, ó sì ní adùn díẹ̀ nínú. Oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù ní ìlú yìí ni nígbà kan. Láti ọdún tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kò lè gbé e sẹ́nu mọ́. Bí o bá rí mi tí mo sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì kí n má baà kọjá níbi tí wọ́n ti ń tà á, má rò pé ìgbéraga ni.

Ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mò ń tà ní ọjà Madina, ní ìsọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọkọ mi ń ta ohun èlò ọkọ̀ àlòkù ní ọjà Abossey Okai. Ọmọbìnrin méjì ni a bí. Àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ku ọdún kan kó wọ iléèwé girama àgbà. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹni tí ẹ̀rù ọmọ máa ń bà ni mí. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni ọmọ mi fi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà iléèwé dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa. Bó bá fi lè di ogún, mo ti wà lójú títì. Kò sí ohun kan nínú àgbàlá yẹn tí n kò tíì wò títí n fi rí ikú nínú rẹ̀. Gọ́tà iwájú ilé, mo ti rí ọmọ tó rì sínú rẹ̀. Ìkòkò wáákye, mo ti rí ọmọ tí omi rẹ̀ bó. Wáyà iná kan wà tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Kí a tó rí ẹni tó wá so ó sókè, ó ti pa àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo rí, wọn kò sì ṣẹlẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kò sí lára wọn.

Ọmọ mi àgbà náà kì í fojú lásán wo nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ni òun ń rí. Àwọ̀ ni. Ó ń tọrọ ewé tí aláwáákye bá ti sè tán, á tún un sè títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Ó ń ṣa èèpo àlùbọ́sà nílẹ̀ ọjà sínú ọ̀rá bí ẹni ń ṣa owó. Ó lè dúró ti omi gọ́tà tí epo ọkọ̀ léfòó sórí rẹ̀, kí ó máa wo bí àwọ̀ ewéko àti àwọ̀ wúrà ṣe ń lé ara wọn kiri, títí yóò fi gbàgbé pé mo rán an níṣẹ́. Mo máa ń pè é láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ìwọ ọmọ yìí, kúrò nídìí gọ́tà yẹn!” Á kúrò, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ á ṣì yí padà sẹ́yìn. Aṣọ funfun pẹlẹbẹ tí mo ń fún un, tí mo gé kúrò lára àpò ìyẹ̀fun, ni ó ń rì sínú omi wọ̀nyí, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ewé mélòó, omi ife mélòó, wákàtí mélòó. Èyí nìkan ni ó fi jọ mí, ìwọ̀n. Ó ti sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni òun máa mú bí òun bá wọ girama àgbà, bàbá rẹ̀ kò sì takò ó.

Dúdú ló jẹ ẹ́ lógún jù. Pupa rọrùn, ìyeyè rọrùn, ṣùgbọ́n kò rí dúdú. Lọ́jọ́ kan ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Abossey Okai, ó sì kó àwọn nọ́ọ̀tì irin kan tó ti dípẹtà bọ̀, èyí tí wọ́n tú kúrò lórí bátìrì ọkọ̀ àtijọ́. Ó rẹ wọ́n sínú omi ògì kíkan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó wá da omi ewé wáákye lé e. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìkòkò lọ́wọ́.

“Màámi, ẹ wò ó! Pupa ni mo dà sí i, dúdú ló jáde!”

Aláwáákye náà ti wá dúró lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, ó ti pẹ́ láàárín àwa tí wọ́n ń pè ní Anago níbí. “Hwɛ! Ẹ wò ó!” ó ní, “Ìyá Anago, oògùn wo ni ọmọ yín ń sè? Ẹ bá mi bi í bóyá ó ní èyí tó ń dá ọkọ padà wálé.”

“Bí ó bá ní in, èmi ni n ó kọ́kọ́ lò ó,” ni mo dá a lóhùn, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo ìgò náà, mo sì wo àwọn nọ́ọ̀tì yẹn. Mo ṣe òfin lójú ẹsẹ̀: ìgò kankan kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ àtẹ̀gùn táǹkì omi, níbẹ̀ ni wọn yóò máa wà. Ọmọ náà gbà, ó sì fi òfin tirẹ̀ kún un. Ó ri okùn òwú sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì so ó mọ́ ọrùn ìgò tí àwọ̀ náà wà nínú rẹ̀: okùn pupa, okùn ìyeyè, okùn dúdú. Ó ní bí ìgò bá dọ̀tí tí ojú kò rí inú rẹ̀ mọ́, okùn á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìgò kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, tèmi ni. Ìwọ náà mọ ohun tí mò ń sọ, torí ilé ẹ̀sìn ni a ti tọ́ ìwọ náà dàgbà. Bí ibà bá mú ọmọ ní ilé tiwa, kí a tó ronú láti lọ sí ọsibítù, hàntú ni a kọ́kọ́ ń fún un: àfáà á fi tàdáà dúdú kọ ọ̀rọ̀ Kùráánì sára wàláà, á fi omi wẹ̀ ẹ́ kúrò, omi náà ni aláìsàn ń mu. Ìyá mi fún mi mu, mo sì yè. Inú irú ìgò kan náà tí ọmọ mi ń lò ni mo ń gbé tèmi sí, lórí pákó tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì. Dúdú ni omi náà.

Ọjọ́bọ̀ kan lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ṣú lórí Madina bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. O mọ bí gọ́tà wa ṣe máa ń kún. Èmi nìkan ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ kékeré. Mo sáré kó ohun gbogbo tó wà ní ẹ̀yìn ilé wọlé: agbada, aṣọ tí mo sá, àpò ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú méjì tí mo fẹ́ gbé lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kó àwọn ìgò ọmọ mi náà. Mo bẹ̀rù pé omi á gbé wọn lọ, wọ́n á fọ́, ọmọ á sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Mo to ìyókù sí abẹ́ tábìlì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n dúdú yẹn, nítorí pé òun ni mo bẹ̀rù jù, mo gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún kò lè tó. Orí pákó tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì ni. Ní àkókò yẹn ni mo rí i pé ẹnu àpò ọṣẹ kan ti tú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ọṣẹ náà sójú ọmọ. Mo wá okùn, n kò rí. Mo tú èyí tó wà lọ́rùn ìgò tó wà níwájú mi lórí pákó, mo fi di ẹnu àpò náà pinpin. Mo sọ fún ara mi pé n ó dá a padà bí òjò bá dá. Òjò dá, àwọn ìgò tó wà lábẹ́ tábìlì padà sí ẹ̀yìn ilé. Mo kà wọ́n, ní ọkàn mi wọ́n pé; mo ti gbàgbé èyí tó wà lórí pákó.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ara ọmọ kékeré gbóná. Mo nawọ́ sórí pákó, mo mú ìgò tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Mo bu ìdajì ife, mo ní kó wí bísímílà, ó wí i. Ó gbé e sẹ́nu, ó sì yọ ahọ́n.

“Màámi, ó kan.”

“Gbé e mì,” ni mo sọ fún un. “Ohun tó ń wo ni sàn kì í dùn.”

Ó gbé e mì. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni. Ó mu ún tán, ó sì fi ife hàn mí pé kò ṣẹ́kù.

Kò pé ìdajì wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èyí tó kọ́kọ́ bì dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Mo ń ké pe Ọlọ́run, mo ń gbá a lẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti iléèwé kéwú wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó wo ife, ó mú ìgò tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ di eérú. “Màámi, èyí kì í ṣe hàntú,” ó ní, ó sì ti sáré jáde lọ pe aláwáákye, ẹni tó fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, tó lọ dúró sí àárín títì pẹ̀lú apá méjèèjì nínà títí táksí kan fi dúró.

Ní ọsibítù, dókítà bèèrè ohun tí ọmọ mu. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló dáhùn. Ó ní nọ́ọ̀tì méjìlá ni, irin ni, láti orí bátìrì ọkọ̀, òjé lè wà lára wọn. Omi ògì kíkan ife mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Omi ewé ọkà bàbà ife méjì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkàsórí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Dókítà náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe pé ọmọ yìí mọ ohun tó wà nínú ìgò náà bẹ́ẹ̀, àwọn ì bá ṣì máa wá ohun tó ń pa àbúrò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ọkọ mi dé láti ọjà pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Ó wo ọmọ tí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ nímú, ó yíjú sí wa. “Ta ló gbé ìgò yẹn wọ yàrá?”

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ èsì náà. Kì í ṣe pé ó rú mi lójú. Mo rí pákó, mo rí òjò, mo rí ọwọ́ mi. Mo wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí ó bi ọmọ mi àgbà pé, “Ìwọ ni?” Ọmọ náà wò mí, ó sì ní, “Ẹ má bínú, bàbá.” Ọkọ mi kò nà án. Ó yí ẹ̀yìn sí i ni, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a fi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sáré wálé lọ́jọ́ kejì, mo da gbogbo ìgò rẹ̀ sínú gọ́tà, pupa, ìyeyè, gbogbo rẹ̀, mo sì ń sunkún bí ẹni tí ẹlòmíràn ṣẹ̀.

Ọmọ kékeré yè. Alihamdulilahi. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ inú rẹ̀ jinná tán, ó fún ọ̀nà oúnjẹ pa. Títí di òní, òkèlè tí kò ju orí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ ló lè gbé mì, á fi omi lé e, á dúró, á tún mú òmíràn. Bí àwọn ọmọ yòókù bá jẹun tán tí wọ́n ti lọ ṣeré, òun á ṣì jókòó ti àwo. Mo máa ń jókòó tì í.

Èyí àgbà kò fọwọ́ kan àwọ̀ mọ́. Kò ṣa èèpo àlùbọ́sà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló ń fi ti iléèwé dé, nígbà mìíràn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń kọjá lára gọ́tà bí ẹni tí kò ní ojú. O ò lè mọ bí mo ṣe ti gbàdúrà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó mú fọ́ọ̀mù iléèwé girama àgbà wálé, mo rí i pé ẹ̀kọ́ òwò ló kọ síbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ì bá wà. Mo bi í léèrè ìdí.

“Ẹ̀kọ́ òwò kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni, màámi.”

Mo fọwọ́ sí i. Oṣù márùn-ún ti kọjá lẹ́yìn ọsibítù nígbà náà. Ọkàn mi kò dá mi láre. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń di okùn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì, òórùn ewé wáákye gba gbogbo àgbàlá. Bóyá òórùn yẹn ló la ẹnu mi.

“Èmi ni mo gbé ìgò yẹn wọlé,” ni mo sọ. “Lọ́jọ́ òjò. Èmi ni mo tú okùn ọrùn rẹ̀.”

Kò gbójú sókè. “Mo mọ̀, màámi.”

“O mọ̀?”

“Mo rí okùn mi lẹ́nu àpò ọṣẹ. Ọjọ́ tí a gbé àbúrò mi lọ sí ọsibítù gan-an ni, nígbà tí mo padà wá mú aṣọ rẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin náà mọ̀.” Ó di okùn bàtà kejì. “Mo ń retí yín ni.”

Mo ní kó mú fọ́ọ̀mù náà wá ká pa á rẹ́. Ó mi orí. Ó ní ó ti pẹ́ jù, pé gbogbo òórùn yẹn ti ń rí òun lára, pé kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàgì kọ́, ó sì lọ. Mo dúró níbẹ̀, n kò ka ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ọjà, mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ṣí fìlà, ó tún un dé. “Oṣù márùn-ún,” ó ní, “o jẹ́ kí n máa wo ọmọ yẹn bí ẹni tó fẹ́ pa àbúrò rẹ̀.” Ó lọ jókòó ti ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn táǹkì. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, kò sì tọ́ sí mi láti mọ̀ ọ́n. Àárín èmi àti ọkọ mi ti tún gún, ṣùgbọ́n bí ohun èlò bá sọnù nínú ilé, ó máa ń bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún méjì ti kọjá. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ kò dùn ún sọ. Ojú kan náà ni èmi àti ọmọ mi ní. Ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, ewé tí wọ́n ti sè dànù, irin tó ti dípẹtà, kì í wo bó ṣe wà, ohun tó lè dà ló ń wò. Ohun tó lè dà ni èmi náà ń wò. Mo máa ń rò pé òun ló ní ẹ̀bùn, pé èmi kàn ń ṣọ́ ilé ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lè rí òkú ọmọ rẹ̀ nínú wáyà iná ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ibi tó ń lò ó sí ni kò dára. Òun ń gbé ohun tó bá rí yẹ̀ wò. Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń so okùn mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má baà ṣìnà. Ìbẹ̀rù tèmi kò so okùn mọ́ ohun kankan rí. Èyí tí ẹlòmíràn so ló tú.

Nígbà ìsinmi tó kọjá yìí, ó ti iléèwé tó ń gbé wálé. Mo rí i tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lẹ́yìn òjò, epo ọkọ̀ léfòó sórí omi. Ẹnu mi ti là. Mo pa á dé. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ sọ nídìí àwo oúnjẹ rẹ̀ pé òun fẹ́ ìborí pupa tí òun á dé lọ sí kéwú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì dìde lọ kan ilẹ̀kùn aláwáákye. “Ei! Oníṣègùn mi ti dé,” ni obìnrin náà kígbe láti inú yàrá, “mo mà rò pé o ti kú sí ìdí ìwé!” Ó bu ewé fún un kún agbada.

Pupa nìkan ló ṣe. Kò mẹ́nu ba dúdú, èmi náà kò bi í. Nígbà tó rọ ìyókù omi náà sínú ìgò, ó ri okùn kan sínú rẹ̀, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó sì nà án sí mi.

“Ẹ so ó, màámi.”

Mo gbà á. Mo so kókó kan, mo so èkejì lé e, mo so ẹ̀kẹta. Àwọ̀ náà kun gbogbo ìka mi. Mo tún fẹ́ so òmíràn.

“Ó ti tó, màámi,” ó ní. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n di ọrùn ìgò náà mú díẹ̀ sí i, kó tó gbà á lọ́wọ́ mi.